Kí A Tó Dá Òṣìṣẹ́ Dúró, Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Yẹ Ẹ̀rọ Wò

Bí ẹ bá bi àwọn tó ni iléeṣẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ léèrè ohun tó ń jẹ owó wọn jù, owó iná àti epo díísù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn kò purọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bí ìnáwó bá ti le báyìí, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń ṣe: wọ́n á fowó lé ọjà, tàbí kí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Inú ilé wa ni méjèèjì ń já sí. Ìyá tó ń ra búrẹ́dì àti píọ̀ wọ́tà ló ń san ti àkọ́kọ́. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ru ti èkejì. Èrò tiwa ni pé ọ̀nà kẹta wà tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì: kí a dí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi owó ṣòfò.

Ẹ mú ẹ̀rọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ yòókù, irú èyí tí iléeṣẹ́ ń lò káàkiri. Níbi tí wọn kò bá ti ń tọ́jú páìpù rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ náà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè máa gba ojú ihò kéékèèké jáde. Ká ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ń lo kìlówáàtì 15, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 lóòjọ́, ọjọ́ 25 lóṣù. Yúnìtì 3,750 nìyẹn. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 750. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ náírà 209, náírà 156,750 ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ lóṣooṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ náírà 70,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì ni ihò páìpù ń jẹ, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń lé! Agbọ̀n ajádìí kì í gba omi dúró, bó ti wù kí ẹni tó ń pọnmi dín kù tó.

Òfò mìíràn kì í hàn nínú ìwé owó iná. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá, tó ṣe mẹ́jọ; tí kò sáré ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ; tí ọjà kan sì ń bàjẹ́ nínú mẹ́wàá tó ṣe: ọjà gidi tó ń tinú rẹ̀ jáde kò pé 58 nínú 100 tó yẹ kó ṣe. Owó ilé àti owó ẹ̀ṣọ́ kò sì dín kù.

Ẹ̀rọ ńlá náà kò bọ́ nínú èyí. Ilé ìlọ-ìrẹsì ìjọba Èkó tó wà ní Ìmọ̀tà, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kìíní 2023, lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ẹlẹ́èpo tí wọ́n ń gbìn ní Èkó kò lè yó o. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Wákàtí tí kò bá rí ìrẹsì lọ, àdánù ni, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó.

Ní Ẹ̀pẹ́, ààrò ni ẹ̀rọ àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Ààrò tó ṣí sílẹ̀ ń jẹ igi, ooru rẹ̀ sì ń fò lọ. Ní Gánà, àwọn obìnrin abúlé Chorkor ní Akírà bá àwọn onímọ̀ ṣe ààrò tí wọ́n ń to ìtẹ́ ẹja léra wọn lórí iná kan ṣoṣo. Ooru tí ì bá ṣòfò ń gun òkè láti ìtẹ́ kan dé èkejì. Igi dín kù, èéfín dín kù, ẹja pọ̀ sí i. Amọ̀ àti pákó ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹlòmíràn á ní òun kò rówó ra ẹ̀rọ tuntun, èlé báńkì sì ti pọ̀ jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe yìí kò nílò ẹ̀yáwó: ẹ di páìpù, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yọ̀, ẹ fi gírísì sí bíárìn lásìkò, ẹ pa ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá nílò ẹ̀rọ lóòótọ́ lè lọ bá báńkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz, TAJBank tàbí Lotus. Lábẹ́ mùràbáhà, báńkì á ra ẹ̀rọ náà, á tà á fún un pẹ̀lú èrè tí àwọn méjèèjì mọ̀, á sì máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, òṣìṣẹ́ tó ń dúró ti ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bá yí padà. Bí ẹ bá ń gé owó ẹni tó sọ pé nǹkan bàjẹ́, yóò dákẹ́, ẹ̀rọ á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fetí sí wọn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, àmáánà ni ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín.

A kò lè pàṣẹ fún NERC, a kò sì lè dá iye dọ́là dúró. Ṣùgbọ́n ihò tó wà lára páìpù wa, ọwọ́ wa ló wà. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́.