Ooru Ni, Kì Í Ṣe Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ bátìrì ọkọ̀ la mú wá lóṣù yìí. Kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ má ṣí ojú ewé yìí kọjá o, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àlàáfíà ilé.

Ní ìparí ọdún kan, arákùnrin kan wa ọkọ̀ láti Èkó wá sílé ní Ìkògòsì. Ó gbé e sí iwájú ilé bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin tí ó fẹ́ padà, ọyẹ́ mú gan-an. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, ọkọ̀ kò dáhùn. Ọdún kejì rèé tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ojúkan náà. Ó wá bá wa, ó ní: "Pásítọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà. Ìyá àgbà ilé wa ni. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe báyìí ní Èkó."

Ìyá tí ó ń sọ yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyáálé ìyá rẹ̀ ni, òun ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà. Ìyá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ń sunkún nínú yàrá.

A gbàdúrà pẹ̀lú arákùnrin náà. Lẹ́yìn náà a ránṣẹ́ pe réwáyà kan. Ó fi mítà wọn bátìrì, kò dé fóòlùtì 11. Ó tú ìdérí rẹ̀, omi ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òjé inú rẹ̀ yọrí síta. Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá, bátìrì yìí ti ń kú lọ kó tó kúrò ní Èkó. Ooru ló pa á."

Báwo ni ooru ṣe ń pa bátìrì? Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni àwọn àwo òjé pẹlẹbẹ wà, tí a rì sínú omi tí a pò mọ́ ásíìdì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi fóòlùtì méjì wá, òun ló fi di 12. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859. Láti inú iṣẹ́ tí òjé àti ásíìdì ń bá ara wọn ṣe ni iná ti ń wá. Bí ooru bá pọ̀, iṣẹ́ náà á yá ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìkòkò tí a kó igi púpọ̀ sí nídìí. Òjé á máa jẹrà bí irin tó ń dípẹtà, omi á máa gbẹ, bí ọkọ̀ bá sì wà lójúkan, iná á máa ṣòfò fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n ooru 25 ló bá bátìrì lára mu. Bí ooru bá fi nǹkan bíi 10 ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ẹ̀mí rẹ̀ á dín kù sí bí ìdajì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ìta lásán lè dé 35 lọ́dọ̀ wa. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí atẹ́gùn kò sì fẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí bátìrì tí ó lè lo ọdún márùn-ún nílùú òtútù fi sábà ń kú láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta níhìn-ín.

Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ ló dákẹ́? Òtútù kọ́ ló pa á, àṣírí rẹ̀ ni òtútù tú. Ní òwúrọ̀ tútù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á ki, ọkọ̀ á fẹ́ agbára púpọ̀ kó tó jí, bátìrì pàápàá á sì lọ́ra. Èyí tí ó lera á ṣe é, èyí tí ooru ti jẹ tán á kọ̀. Àkókò yìí gan-an sì ni àwọn ọmọ wa ń wálé ọdún. Ẹ ò rí i bí ẹ̀bi ṣe ń bọ́ sórí àwọn arúgbó?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe nǹkan wọ̀nyí:

Bí a bá fẹ́ ra bátìrì, ká wo oṣù tí wọ́n ṣe é. Èyí tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ ti ń gbó kí a tó rà á.

Bí ó bá jẹ́ olómi, ká máa yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Omi bátìrì nìkan ni ká bù sí i. Omi kànga kò dára fún un, omi ìsun wa ní Ìkògòsì pàápàá, ìbáà jẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ tàbí tútù, kò dára fún un, nítorí ohun tí omi ti jẹ láti inú àpáta wà nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní bátìrì gbígbẹ, omi wà nínú tirẹ̀ náà; wọ́n dé e pa ni.

Ká gbé ọkọ̀ sábẹ́ ibòji. Ká dè bátìrì mọ́lẹ̀ dáadáa nítorí gbágungbàgun ọ̀nà wa. Bí ìbòrí kan bá wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, ká má jẹ̀ẹ́ kí mẹkáníìkì sọ ọ́ nù, ooru ló ń dènà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ká máa wọ̀n ọ́n kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tí ó kún, tí ó sì ti sinmi, á fi nǹkan bíi 12.6 hàn.

Ẹ má ṣe fi ìṣáná tàbí àtùpà wo inú bátìrì láé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọ́ ògbólógbòó bátìrì nínú ọgbà ilé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ọmọdé 18 ló kú láàrin ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 nítorí òjé tí wọ́n ń yọ nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀.

Arákùnrin wa ra bátìrì mìíràn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọkọ̀, ó wọ yàrá ìyá àgbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ní: "Ọmọ mi, dìde. Èmi tí n kò mọ orí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì súre fún un.

Ẹ̀yin ará, òfin tó ní ká má ṣe jẹ́rìí èké kò yọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Kí a tó na ìka sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dìgbà kan ná.