Iná Check Engine: Ẹ̀sùn Ni, Kì í Ṣe Ìdájọ́

Ẹ gbé Hilux tí iná check engine rẹ̀ tàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gba àlàyé mẹ́ta bọ̀. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ ṣe kò ní yàtọ̀: wọ́n á ki sikánà bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á ka nọ́ńbà tó bá jáde, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Nọ́ńbà tí sikánà gbé jáde, ẹ̀sùn ni, kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box ló ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òde òní. Kò ní ojú, sẹ́ńsọ̀ ló fi ń ríran. Ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ọ̀kan ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, òmíràn wà lára sàlẹ́ńsà tó ń yẹ èéfín wò. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ kéékèèké ní irú ihò kan náà, tó ní ẹsẹ̀ 16, kí nọ́ńbà ẹ̀sùn wọn sì bára mu. OBD-II ni wọ́n ń pè é. Òun ló jẹ́ kí sikánà kékeré kan lè ka Toyota, kó tún ka Ford.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà kan, P0171, lórí Hilux oní-bẹntiróòlù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Kí bẹntiróòlù kílò kan tó lè jó tán dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Bí sẹ́ńsọ̀ ara sàlẹ́ńsà bá rí i pé epo kéré, brain box á máa fi epo kún un. Tó bá fi kún un títí tó kọjá ààlà, á tan iná. Ṣé ẹ rí i báyìí pé sẹ́ńsọ̀ yìí ló wá fẹjọ́ sùn? Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń yọ sọnù. Ẹni tó pariwo pé olè wọlé la wá ń lé jáde.

Ta wá ni olè? Ó lè jẹ́ rọ́bà tó ti sán tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ó lè jẹ́ eruku tó bo sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀, nozzle tó dí, tàbí sàlẹ́ńsà tó lu. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, afurasí márùn-ún.

Sikánà yẹn náà ló lè bá wa wádìí, bí ẹni tó mú un dání bá ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ sikánà tí kò wọ́n ló máa ń fi fuel trim hàn, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Bí ọkọ̀ bá dúró, tẹ́nikẹ́ni ò tẹ tìrótù, tí ẹ rí 20%, tó wá já wálẹ̀ sún mọ́ òdo nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dé 2,500 RPM, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra sáré, afẹ́fẹ́ tó nílò kéré, ìwọ̀nba tó ń jò wọlé á wá di púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá dáa ní ìdúró, tó wá ń lọ sókè bí ọkọ̀ bá ru ẹrù tàbí tó ń gun òkè, ẹ fura sí pọ́ǹpù, fílítà epo, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ ò sì tíì ra nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ o. Brain box máa ń fi àkọsílẹ̀ pa mọ́ nípa bí ọkọ̀ ṣe ń sáré àti bó ṣe gbóná nígbà tí iná tàn. Bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Èyí ló mú mi dé orí tuning, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn gan-an báyìí. Tábìlì nọ́ńbà ló kún inú brain box: iye epo tó máa wọlé, ìgbà tó máa jó, bí turbo ṣe máa ti afẹ́fẹ́ tó. Tuner á yí àwọn nọ́ńbà yìí padà. Lórí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí kò ní turbo, èrè rẹ̀ kéré. Lórí dísù tó ní turbo, agbára á pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àyè tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi sílẹ̀, ooru, epo tí kò dáa àti ẹrù tó pọ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ta ló nílò irú àyè bẹ́ẹ̀ jù wá lọ? Bí epo bá ti ju afẹ́fẹ́ lọ, èéfín dúdú á máa rú, ooru á máa jẹ turbo, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀.

Ibi tí mi ò ti ní gbà rárá ni kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín kúrò, kí wọ́n wá kọ́ brain box láti parọ́. Ní ọdún 2020, àjọ EPA ní Amẹ́ríkà ṣírò pé pickup oní-dísù tó lé ní 550,000 ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí láàárín nǹkan bí ọdún 10. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fa èéfín náà símú.

Mi ò sọ pé tuning burú. Ohun tí mò ń sọ ni pé a kì í fún ẹni tí ibà ń ṣe lágbo kó lọ sáré ìje. Ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ sàn. Ẹ ní kí tuner fún yín ní fáìlì ìpìlẹ̀ kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n so ṣájà mọ́ bátìrì, torí bí iná bá rẹ̀ láàárín iṣẹ́, brain box lè kú pátápátá.

Bí wọ́n bá sì tún ní kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀, ẹ rọra béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi mọ̀ pé òun ló bàjẹ́?” Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé sikánà síwájú yín, á ṣàlàyé. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n á bínú.