Ẹni Tí Ó Ni Eré Yàtọ̀ sí Ẹni Tí Ó Ń Jó

Bí ènìyàn bá rí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, yóò rò pé àwọn ọkùnrin ni ó ni ín. Àwọn ni ó ń gbé ère lé orí, àwọn ni ó ń wọ aṣọ obìnrin, tí wọ́n ń di ọmú igi mọ́ àyà, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tí a so ṣaworo mọ́ dá onílù lóhùn ní ojú ọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Àwórì ní Ọ̀tà, tàbí lọ́wọ́ àwọn ará Kétu àti Yewa tí àwọn náà ń ṣe àṣà yìí. Wọn yóò sọ fún un pé Ìyáláṣẹ̀ ni olórí. Ìyáláṣẹ̀ kì í gbé ère, kì í sì í bẹ́ gìjàgìjà níwájú èrò. Síbẹ̀, bí kò bá fi ọwọ́ sí i, eré kò lè jáde. Òun ni ó mọ ìdí rẹ̀ tí a fi ń ṣe é, òun ni ó ń ṣe ètùtù rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àṣẹ ti ń wá.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí ohun kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ kan láti Ìjànà títí dé abẹ́ afárá Sàngó. Wọ́n ní iṣẹ́ sinimá kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúwàbí obìnrin. Wọ́n tún ní kò bá àṣà Yorùbá mu kí obìnrin kan jókòó sórí àga kí ó máa pàṣẹ fún ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin pé kí wọ́n wá, kí wọ́n lọ, kí wọ́n tún un ṣe. Àbá àkọ́kọ́ ṣeé jiyàn lé lórí. Èkejì kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, nítorí pé ìlú tí ó ti mọ Ìyáláṣẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kò lè sọ pé òun kò mọ olóòtú eré tí ó jẹ́ obìnrin.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe ọmọ Yorùbá, mo sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ yàn án bẹ́ẹ̀. Amaka Igwe ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ígbò ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù January 1963 ni wọ́n bí i ní ìlú Port Harcourt. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti kàwé gboyè. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn àti iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ó tún lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ilé-ìkàwé níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ mọ́ sinimá nínú gbogbo rẹ̀. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ rò pé ohun tí a fi ṣe ìdánwò nìkan ni a lè fi jẹun, ẹ fi etí sí èyí.)

Òun kọ́ ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ lànà. Láti ọjọ́ 31 oṣù October 1959 ni tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn fúnra wọn, tí ọkùnrin pọ̀ jù nínú wọn, ni ó ń ṣe olóòtú eré. Olóògbé Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá The Village Headmaster sílẹ̀ ní 1968. Ní 1984 ni Lọlá Fani-Kayode gbé Mirror in the Sun jáde lórí NTA, tí ó ń lọ títí di 1986, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń sáré parí iṣẹ́ ilé nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ àwọn aṣíwájú, tí ó bá fo obìnrin yìí, kò tíì ka nǹkan.

Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni Checkmate ti Amaka Igwe dé. Ego Boyo ni ó ṣe Ann Haastrup, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń dáàbò bo òwò ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ já a gbà, Richard Mofe-Damijo sì ṣe Segun Kadiri. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn náà: obìnrin ni ó kọ ọ́, obìnrin ni ó ṣe olóòtú rẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó jókòó lórí àga ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń sọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé ohun tí olóòtú ń ṣe gan-an, nítorí pé ojú òṣèré nìkan ni àwọn òǹwòran ń rí. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 pé kí wọ́n máa wá owó fúnra wọn, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn, tí ó sì fẹ́ kí eré òun jáde, ní láti lọ ra àkókò bí ẹni ra ìsọ̀ ní ọjà. Yóò wá onígbọ̀wọ́ tí yóò polówó ọṣẹ tàbí ohun mímu láàárín eré. Kí owó onígbọ̀wọ́ tó dé, àwọn òṣèré ti ń béèrè owó ọkọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá ń fẹ́ epo. Ènìyàn 40 lè wà ní ibi iṣẹ́, gbogbo wọn yóò sì jẹun. Bí òjò bá rọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ kan ti ṣòfò, owó ọjọ́ náà kò sì ní padà wá. Ẹni tí ó ń ṣe gbogbo èyí tún ní láti ka ìwé eré, kí ó mọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe pọ̀ jù tàbí bí ìwà kan kò bá bá ẹni tí ó hù ú mu. Mo bi yín, ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín èyí àti iṣẹ́ ìyàwó ilé ńlá tí ó ń bọ́ agbo ilé, tàbí iṣẹ́ Ìyálọ́jà tí ó ń parí ìjà, tí ó sì mọ iye tí olúkúlùkù jẹ? Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láti ìgbà láéláé; orúkọ tí à ń pè é nìkan ni ó yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù lọ fún èmi tí ń kọ́ni ní àṣà ni Fuji House of Commotion. Inú Checkmate ni Amaka Igwe ti yọ Olóyè Fuji jáde, ó sì kọ́ ilé fún un ní eré tirẹ̀. Kúnlé Bámtẹ̀fá ni ó ṣe Olóyè náà, Ngozi Nwosu sì wà lára àwọn ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Peace. Ilé olórogún ni: ìyàwó tó ń jowú, ọmọ tí kò ṣeé kà, owó oúnjẹ tí kò tó, baálé tí ó ń pariwo ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé nínú àwọn ilé Sàngó tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí Ígbò, Ẹ̀gùn, Ẹ̀gbá àti Àwórì ti ń pín ẹnu ọ̀nà kan, tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá sì ń jí ní òwúrọ̀ kùtù láti lọ tò sí ẹnu géètì, kò nílò kí a túmọ̀ eré yìí fún un.

Àwọn kan bínú sí i. Wọ́n ní, ta ni ó fún ọmọ Ígbò ní àṣẹ láti fi olóyè Yorùbá ṣe ẹ̀sín? Mo gbọ́ ìbínú náà, n kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ń fi ilé baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a padà sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní òru tí ó ṣáájú ijó ojú ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde. Kí ni iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀? Láti fi orin àti àwàdà sọ ohun tí ìlú ń sọ ní kọ̀rọ̀: olóyè tí ó ń jẹ owó ìlú, ọkọ tí kò bọ́ ìyàwó, obìnrin tí ó ń da ilé rú. Kò sí ẹni tí ó lè bá Ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹjọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí lábẹ́ àṣẹ àwọn ìyá ni ó ti sọ̀rọ̀. Ohun tí Fuji House ṣe nìyẹn. Kò sọ pé ìkóbìnrinjọ dára, kò sì dúró lórí àga ìwàásù láti bú u. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ilé náà, ó jẹ́ kí a wò ó, a sì rẹ́rìn-ín títí a fi rí ẹni tí ó jọ wá nínú rẹ̀. Lójú tèmi, àlejò tí ó gbé láàárín wa, tí ó fi etí sílẹ̀, mọ ilé wa ju ọmọ ilé tí kò fi ojú sí nǹkan lọ.

Mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú rẹ̀ ṣá, àti pẹ̀lú gbogbo ìran rẹ̀: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀. Tẹlifíṣàn gbogbo orílẹ̀-èdè ni, onígbọ̀wọ́ sì fẹ́ kí Kánò àti Calabar gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Amaka Igwe tijú èdè rẹ̀. Ní 1995, Rattlesnake tí ó ṣe fún fídíò, èdè Ígbò ni ó fi ṣe é. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe Violated ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni eré ni ó ń yan èdè tí eré yóò sọ. Òṣèré kò lè yàn án.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti wa fúnra wa. Olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, kó obìnrin wọ inú ẹgbẹ́ eré rẹ̀ láti 1945, ní ìgbà tí òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn di alárìnjó. Ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìyàwó kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn obìnrin náà ṣe, láìsí wọn kò sí Ògúndé. Síbẹ̀ orúkọ baálé ni ó wà lára ọkọ̀. Nígbà tí sinimá sì dé, tí ó ṣe Àyé ní 1979, ìjà láàárín babaláwo Ọ̀ṣẹ́túrá àti àwọn àjẹ́ ni ìtàn náà dá lé. Láti ìgbà náà ni obìnrin arúgbó ti di ẹni ìbẹ̀rù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Yorùbá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ agbára àwọn ìyá kan náà, ṣùgbọ́n ó ń gé wọn, ó ń tù wọ́n, ó ń pè wọ́n ní ẹni iyì. Sinimá wa mú ìdajì ìmọ̀ náà, ó fi ìdajì sílẹ̀. Mo gbà pé bí obìnrin bá ti pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì kejì ì bá má sọnù.

Àwọn tí ó ń ṣe é nísinsin yìí ti fi hàn pé owó wà níbẹ̀. Fúnkẹ́ Akíndélé, ọmọ Ìkòròdú tí ó kàwé ní Moshood Abiola Polytechnic ní Abẹ́òkúta, ṣe A Tribe Called Judah ní 2023, ìtàn ìyá kan àti ọmọkùnrin márùn-ún tí baba wọn wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá wa. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ní ọdún 2023 kan náà, Gangs of Lagos tí Jáádé Ọ̀ṣíbẹ̀rù ṣe dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nítorí pé wọ́n wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀ fún apànìyàn. Àwọn ìdílé fárígá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà sọ̀rọ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn àgbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àṣẹ tí Ẹ̀fẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀, ọwọ́ àwọn tí ó ni ín ni ó ti gbà á. Olóòtú tí ó bá fẹ́ fi ohun mímọ́ ìlú ṣe eré ní láti kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbà náà kò sì gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí pé obìnrin ni.

Ọjọ́ 28 oṣù April 2014 ni Amaka Igwe kú ní Enúgu, ẹni ọdún 51. Ó ti dá ọjà BOBTV sílẹ̀ ní Àbújá kí àwọn tí ń ṣe eré àti àwọn tí ń rà á lè pàdé, ó ti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́.

Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé girama ní Adó-Odò àti Ọ̀tà gbé ohun kan yẹ̀ wò ní sáà tí ń bọ̀. Nínú ẹgbẹ́ eré ilé-ìwé, ìgbà gbogbo ni a máa ń wá ọmọbìnrin tí ó rẹwà láti ṣe Mọ́remí, a sì máa ń fi ọmọkùnrin ṣe alága. Ẹ fún ọmọbìnrin kan ní ìwé ìṣirò owó. Kí ó lọ bẹ ìyá oníṣòwò kan ní ọjà Ọ̀tà kí ó ṣe onígbọ̀wọ́ aṣọ, kí ó lọ bi àwọn àgbà Òtún, Òsì àti Ìjànà ní ìtàn tí wọ́n yọ̀ǹda kí a sọ, kí ó yan èdè eré, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọkùnrin ní ìgbà tí wọn yóò dé ibi ìdánrawò. Fóònù olùkọ́ kan ti tó láti fi ya àwòrán rẹ̀. Nígbà tí eré bá parí, kí ó wá ro owó níwájú àwọn òbí, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.