Mọ́tò Asáré àti Mọ́tò Ìyá Oníṣòwò

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin wa, mo sì fẹ́ ta kò ó ní gbangba. Àwọn kan ní mọ́tò gidi ti tán láyé. Pé láti 1980 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣíwọ́ MGB ní ṣíṣe, agolo lásán ni a ń gùn kiri. Wọ́n ní mọ́tò ìyá oníṣòwò ni Corolla.

Èmi kò bá ẹwà jà. MGB, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1962, dùn ún wò: ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ gùn, a sì lè ká òrùlé rẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ síni lórí. Ṣùgbọ́n eré ni wọ́n fi ń yangàn jù, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ sì wà. Ẹ́ńjìnnì MGB jẹ́ lítà 1.8, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 95. Corolla ti 2003, èyí tí a ń gbà ní tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, lítà 1.8 náà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 130 ni ó ní. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gbéra ní Ìkirè, ìyá oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ dé Apòmù.

Wọ́n á ní irin àtijọ́ le. Ta ni ó le fún? Bí mọ́tò bá kọlu nǹkan tí irin rẹ̀ kò rún, ara ẹni tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni ipá náà ń bọ̀ wá bá. A ṣe imú mọ́tò òde òní kí ó lè rún, àpò afẹ́fẹ́ méjì sì wà níwájú Corolla yìí láti gba orí àti àyà. MGB kò ní ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tí Ìkirè àti Apòmù wà lẹ́bàá rẹ̀, kì í sì í ṣe pápá ìṣeré. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà náà wà lára ohun tí ó mú Wọlé Ṣóyínká, nígbà tí ó ń kọ́ni ní Ifẹ̀, dìde sí ọ̀ràn ààbò ojú pópó, títí ó fi di alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988. A ha tún fẹ́ máa fi ẹ̀mí ṣe fáàrí níbẹ̀ bí?

Èwo wá ni ti ẹ̀gàn ìyá oníṣòwò? Kí ogun Òwu tó bẹ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni Apòmù ti jẹ́ ìlú ọjà, tí ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ń pàdé níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe dòdò Ìkirè, tí gbogbo wa ń rà jẹ lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n gidi ni wọ́n ń lò, àti epo pupa. Ìjókòó méjì péré ni MGB tí a ń ká òrùlé rẹ̀ ní. Kí ẹni tí ń yìn ín gbé e lọ sí oríta Apòmù lọ́jọ́ ọjà, kí ó fi ibi tí apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo àti ìyá tí ó ni wọ́n yóò wọ̀ hàn wá.