Ẹ̀rọ Kọ́, Àwa Ni

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé, "Oko mi ti baje." Oko ni, ọkọ ni, ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀? Ó ní ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni! Láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú àkójọ lẹ́tà Unicode, àmì ohùn pẹ̀lú. Ó ń fẹ́ sùúrù díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ráyè wá àwòrán ẹ̀rín kiri, kò ha ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Ohun tí a bá kọ ni ẹ̀rọ ń kọ́. Bí a bá kọ ọ́ ní wúruwùru, wúruwùru ni yóò fi kọ́ ọmọ wa.