Ẹ Má Tìtorí Bọ́ọ̀lù Pa SteamOS Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi! Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti mú Steam Deck, kọ̀ǹpútà géèmù tí à ń fọwọ́ méjèèjì dì mú, wá sílé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi: “Yọ SteamOS kúrò, fi Windows sí i!”

Mo mọ ohun tó ń dùn yín. EA FC 25 kì í ṣiṣẹ́ lórí SteamOS. Linux ni SteamOS, ohun tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó nínú géèmù náà kò sì gba Linux. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, bátìrì nìkan ló kù. Lórí SteamOS, mo tẹ bọ́tìnì kan, ó sùn. Mo tún un tẹ̀, géèmù bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Windows lè máa jẹ bátìrì kódà nígbà tó bá ń sùn. Windows gidi sì ń gba owó. Ayédèrú ìgboro lè kó fáírọ́ọ̀sì wọlé. Ọ̀pọ̀ géèmù Windows ṣáà ń ṣiṣẹ́ lórí SteamOS nípasẹ̀ Proton, àbí?

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan lo fẹ́, ra èyí tó bá Windows wá látilẹ̀, bíi ROG Ally. Èyí tó wà nílé wa, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò ní yí i padà. Bọ́ọ̀lù kẹ̀? Pápá ilé ìwé wa ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká pàdé níbẹ̀ lẹ́yìn ìwé.