Kì Í Ṣe Ẹ̀kọ́ Ni Ó Tú Ìjọ Ká: Èsì sí Àwọn Tí Ń Ní Kí A Panu Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa, tí a ń gbọ́ lórí àga ìwàásù, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó, tí tọmọdé tàgbà sì gbà bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Òun ni pé ẹ̀kọ́ ni ó tú ìjọ Ọlọ́run ká, àti pé bí a bá ń fẹ́ àlàáfíà láàárín Àǹgílíkà àti Onítẹ̀bọmi, láàárín Àgùdà àti Aláṣọ Funfun, kí olúkúlùkù di ohun tí ó gbàgbọ́ sápò, kí a jùmọ̀ máa kọrin, kí a má sì bi ara wa ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, ó sì ní àwọ̀ ìwà-bí-Ọlọ́run lára. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí wí pé irọ́ ni, àti pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìtàn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá wò yóò rí i gbangba pé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó tú wa ká, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni yóò kó wa jọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà ọdún Kérésìmesì 1842, Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ ìjọ Wẹ́sílì, àti Henry Townsend, ẹni tí ẹgbẹ́ oníhìnrere Àǹgílíkà rán wá, pàdé ara wọn ní Àgbádárìgì. Ìjọ ọ̀kan ní bíṣọ́ọ̀bù, ti èkejì kò ní. Síbẹ̀ wọ́n jùmọ̀ ṣọdún, kálukú sì mọ ohun tí ó ya ìjọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí ìyàtọ̀ ẹ̀kọ́ bí ni wọ́n mú ìhìnrere wá bá àwọn baba wa, ìjà kò sì bá wọn wọlé. Ìgbà wo wá ni ìjà wọlé?

Ní ọdún 1888 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Èkó kọ́kọ́ pín. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń jiyàn bóyá omi ìtẹ̀bọmi yẹ kí ó mu ènìyàn dé orí tàbí dé orúnkún. W. J. David, òyìnbó Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe alábòójútó wọn, ni ó yọ Moses Ladejo Stone, oníwàásù ọmọ ilẹ̀ wa, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láì fi lọ ìjọ. Inú bí ìjọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jáde. Nígbà tí wọ́n jáde tán, omi kan náà ni wọ́n ń tẹ ènìyàn bọ̀, Ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, ìwàásù kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọdún 1914 ni àwọn tí ó jáde àti àwọn tí ó jókòó tó tún para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, tí Mojola Agbebi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó jáde, sì ṣe ààrẹ rẹ̀. Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ní láti tún kọ kí wọ́n tó lè para pọ̀, nítorí kò sí èyí tí ó ya nígbà tí wọ́n ń lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ti Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, baba tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó lè fi ṣe ọmọ-ọmọ dìde sí i lórí odò Ọya, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí ọdún 1891 parí ni bàbá náà kú. Nínú ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ní Èkó dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀. Mo bèèrè: ìwé Ìgbàgbọ́ wo ni ìwọ̀sí yẹn wà nínú rẹ̀?

Ti ọdún 1901 tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Páúlù Mímọ́ tí ó wà ní Breadfruit ní Èkó, James Johnson, akíkanjú alùfáà tí àwọn ènìyàn ń pè ní mímọ́, ti jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn ìjọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú un kúrò níbẹ̀, ó sì fi ẹlòmíràn sí i, láì ka ohùn ìjọ sí. Ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá dìde, J. K. Coker ṣáájú wọn, wọ́n jáde, wọ́n sì dá ìjọ Áfíríkà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ inú ìsìn wọn ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e yóò bá a bíi ti àtijọ́: aṣọ alùfáà, àdúrà owúrọ̀, ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, orin tí a ń kọ sí ohùn kan náà. Èyí tí ó yàtọ̀ ni pé wọ́n gba onílé aláya púpọ̀ sí ìjọ. Èyí náà kì í sì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ pé òun ni wọ́n torí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ipò ni, ọlá ni, àti ìbínú ẹni tí a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èmi kò sì ní di ẹ̀bi ru òyìnbó nìkan, kí ẹ má ba à rò pé mo fẹ́ pọ́n ara wa lé. Ọdún 1925 ni Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon, ọmọdébìnrin, dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1929 ni wọ́n ti pínyà, kò sì sí òyìnbó kan níbẹ̀. Àlá kan náà, àdúrà kan náà, aṣọ funfun kan náà. Ọ̀rọ̀ ta ni olórí ni ó fà á. Títí di òní, ẹ máa rí àwọn ìjọ tí wọ́n pín sí mẹ́ta mẹ́rin, tí orúkọ wọn fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ síra, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ́ bo ojú ọgbẹ́ náà, kí ó lè dà bí ẹni pé nítorí òtítọ́ ni wọ́n fi jà.

Kí àwọn alátakò mi má sì rò pé mo gbàgbé ohun tí wọn yóò fi bì mí. Òtítọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ya àwọn kan. Ẹgbẹ́ aládùúrà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ àìsàn ọdún 1918, tí J. B. Sadare jẹ́ olórí wọn, kò fẹ́ kí a máa ri ọmọ ọwọ́ bọmi mọ́, wọ́n sì gbà pé àdúrà nìkan ni kí onígbàgbọ́ fi wo àìsàn. Ìjọ Àǹgílíkà bá wọn sọ ọ́, kò wọ̀, wọ́n sì pínyà ní 1922. Nígbà tí wọ́n tún wá bá ìjọ àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1931, tí àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì fún ibà, ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀, òun ni ó sì bí Ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì ní àyíká 1940. Èyí ni ìjà ẹ̀kọ́ tòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó jà á lè sọ fún ọ, láì tàdí mẹ́yìn, ohun tí ó gbàgbọ́ àti ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí ó gbé e lé. Wọ́n sì kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó pínyà.

Ẹ wo ohun tí ó sì wá ti inú ìyapa tí ó mọ ìdí ara rẹ̀ yìí jáde ní Ìbàdàn. Alexander Akinyele, ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé-ìwé Grámà Ìbàdàn, ni a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ẹkùn Ìbàdàn ní ìjọ Àǹgílíkà ní 1952. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalola Akinyele, ẹni tí ó kọ ìtàn Ìbàdàn, fi Àǹgílíkà sílẹ̀, ó sì di olórí Ìjọ Àpọ́sítélì Kírísítì, ìjọ tí kò gba oògùn. Ní 1955 ni ó sì jẹ Olúbàdàn. Ẹ̀gbọ́n ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi, àbúrò kò gbà á. Ẹ̀gbọ́n kò kọ oògùn, àbúrò kọ̀ ọ́. Kò sí èyí tí ó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ nítorí ekejì, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ìdílé Akinyele tú ká nítorí rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ ẹ̀kọ́ bá jẹ́ májèlé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wí, ó yẹ kí ó ti pa ilé yẹn.

Àwọn tí ó ka ìwé jìnnà yóò tún mú Marburg wá, níbi tí Luther àti Zwingli ti pàdé ní 1529, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlá nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣọ̀kan lórí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ó jẹ́ ti Oúnjẹ Olúwa, tí Luther sì kọ̀ láti gba Zwingli bí arákùnrin. Ó dára, mo gba èyí. Ẹ sọ ìyókù ìtàn náà: ní 1973, àwọn ọmọ ìjọ méjèèjì ní ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Leuenberg, wọ́n sì jùmọ̀ jẹ tábìlì Olúwa. Ní Augsburg ní Jámánì, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1999, Àgùdà àti àwọn ọmọ ìjọ Luther fọwọ́ sí ìwé kan lórí bí Ọlọ́run ṣe ń dá ènìyàn láre, èyí tí àwọn baba wọn torí rẹ̀ kẹ̀yìn sí ara wọn. Ní 2006 ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì fọwọ́ sí i. Ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni ó mú wọn débẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ka ìwé ara wọn, wọ́n sì ń bèèrè pé, kí ni o fẹ́ sọ gan-an?

Ẹ sì tún ka orí kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, kí ẹ wò ó dáradára, nítorí ìyanu ńlá wà nínú orí kan ṣoṣo yìí. Ní apá kìn-ín-ní, àwọn àpọ́sítélì ń jiyàn kíkan lórí ìkọlà, ẹ̀kọ́ tí ó wúwo jù ní ìgbà ayé wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n dáhùn, wọ́n kọ lẹ́tà, ìjọ sì yọ̀. Ní ìparí orí náà ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, ọ̀rẹ́ tí ó ti jùmọ̀ jìyà, ní ìjà tí ó le tóbẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pínyà. Kí ni ó fà á? Ọ̀rọ̀ Máàkù ni, bóyá kí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ tàbí kí wọ́n má mú un lọ. Ẹ̀kọ́ bí ìṣọ̀kan; ènìyàn bí ìyapa. Ohun tí ẹnu ń jà fún lójú ayé kì í sábà jẹ́ ohun tí ọkàn ń jà fún.

Ní ilẹ̀ wa, a fi ojú ara wa rí irú rẹ̀. Àǹgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Pẹrẹsibitéríà ti gbà láti di ìjọ kan ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1965. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìrìbọmi, Oúnjẹ Olúwa, oyè bíṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde. Kí ọjọ́ náà tó pé ni gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilé, àti ipò sì ní ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1976, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tún gbé oyè pátíríákì kalẹ̀, ìjọ náà sì pín. Mo ní kí ẹni tí ó ń pariwo ẹ̀kọ́ lọ wo àpótí owó àti àga.

Kí wá ni ìdákẹ́jẹ́ ń ṣe fún wa? Ẹ wo ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin tí a rì bọmi ní kékeré, tí alùfáà gbé sí apá òsì, tí ó bu omi sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìyá rẹ̀ sì fi aṣọ funfun nu ojú rẹ̀, wá ń fẹ́ ọmọ Onítẹ̀bọmi. Fún ọdún méjì ni wọ́n fi ń pàdé, ìdílé méjèèjì ń jùmọ̀ kọrin, kò sì sí ẹni tí ó mẹ́nu kan ìrìbọmi, kí ọ̀rọ̀ má ba à bàjẹ́. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni pásítọ̀ sọ pé kí ọmọ náà lọ sínú adágún omi tí ó wà lábẹ́ pèpéle, kí a tẹ̀ ẹ́ bọmi kí a tó so wọ́n pọ̀. Baba ìyàwó gbọ́, ó ní ṣé kèfèrí ni a pe ọmọ òun ni? Ìyá ń sunkún. Ìjà tí wọ́n ń sá fún láti ọdún méjì ni ó wá bá wọn lójú agbo, nígbà tí aṣọ ẹbí ti jáde. Bí ó bá ṣe pé àwọn méjèèjì ti jókòó, tí alùfáà Àǹgílíkà ti sọ pé májẹ̀mú Ọlọ́run ni ìjọ tirẹ̀ rí nínú omi orí ọmọ, tí Onítẹ̀bọmi sì ti sọ pé ìjẹ́wọ́ ẹnu ara ẹni ni ìjọ òun ń wá, bóyá wọn kì bá tíì gbà fún ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì bá tí pe ẹnìkejì ní kèfèrí.

Nítorí náà, èyí ni mo fi ń bẹ àwọn àgbà ìjọ. Ẹ má ṣe sọ nípa ìgbàgbọ́ ìjọ mìíràn ohun tí ọmọ ìjọ náà kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ Àgùdà kí Àgùdà sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ láti bá Àgùdà jiyàn. Ẹ jẹ́ kí ìjà àga máa jẹ́ ìjà àga, kí a parí rẹ̀ bí a ti ń parí ìjà àga, láì fi ẹsẹ Bíbélì kan wé e. Kí a sì fi àgùntàn ara wa sílẹ̀ fún olúwa wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ ọ̀rọ̀ náà kí a tó mọ èyí tí yóò yọ.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí, lọ bá alùfáà rẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o bi í ní ohun kan tí ìjọ tí ó dojú kọ tiyín ní òpópónà gbàgbọ́, àti ìdí tí wọ́n fi gbà á. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ jùmọ̀ ré òpópónà kọjá, kí ẹ bèèrè.